Ta ló sọ pé láìsí ejẹ́ǹtì, kò sí yunifásítì lókè òkun?

Láti Kubwa dé Lugbe l'Ábújà níbí, ọ̀rọ̀ kan náà ló wà lẹ́nu àwọn ọmọ wa tó fẹ́ lọ kàwé lókè òkun: "Tí èèyàn ò bá ní ejẹ́ǹtì, ìyẹn ẹni tó ń bá èèyàn wá ilé-ìwé, wọn ò ní gbà á." Irọ́ gbuu ni.

Orí wẹ́ẹ̀bù yunifásítì fúnra rẹ̀ ni fọ́ọ̀mù wà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í gba kọ́bọ̀ lórí fọ́ọ̀mù másítáàsì. Ọ̀fẹ́ náà ni fọ́ọ̀mù Chevening, ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ másítáàsì tí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń fúnni. Wákàtí 2,800 iṣẹ́ tí ẹ ti ṣe, bí ọdún méjì, ni wọ́n ń béèrè, àti àròkọ tí ẹ fọwọ́ ara yín kọ.

Ní Jámánì ńkọ́? Púpọ̀ nínú yunifásítì ìjọba níbẹ̀ kì í gba owó ilé-ìwé. Àwọn kan ń gbà á o: ní ìpínlẹ̀ Baden-Württemberg, 1,500 yúrò ni sáà kan fún àwa tí a kì í ṣe ará Yúróòpù. Síbẹ̀, ó ṣọ̀wọ́n kí ejẹ́ǹtì dárúkọ Jámánì fún yín. Ṣé ẹ mọ ìdí rẹ̀? Làádá. Yunifásítì ló ń san án fún ejẹ́ǹtì, inú owó ilé-ìwé tí ọmọ bá san ni wọ́n sì ti ń yọ ọ́. Níbi tí kò ti sí owó ilé-ìwé, kí ni wọ́n fẹ́ yọ? Mi ò ní olè ni gbogbo wọn. Àwọn kan mọṣẹ́ dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹni tó gba làádá lọ́hùn-ún, tó tún ń gba owó iṣẹ́ lọ́wọ́ yín, ẹ yáa bi í pé ta ló ń ṣiṣẹ́ fún.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ti ìmeèlì. Ẹ ní kí ọmọ ṣí fọ́ọ̀mù rẹ̀ kẹ́ ẹ wò ó, á ní, "Password wà lọ́wọ́ bọ̀dá tó ń bá mi ṣe é." Ìmeèlì bọ̀dá ni wọ́n fi forúkọ sílẹ̀! Yunifásítì ní kó fi transcript, ìwé tó kó gbogbo èsì ẹ̀kọ́ rẹ̀ jọ, ránṣẹ́, kò gbọ́. Ọjọ́ kọjá, kò mọ̀.

Ti físà, ejẹ́ǹtì kọ́ ló ń fọwọ́ sí i. Owó gbọ́dọ̀ wà ní báńkì fún ọjọ́ 28 gbáko kí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó kà á sí, tí ìwé báńkì bá sì jẹ́ ayédèrú, wọ́n lè dènà ọmọ náà fún ọdún 10. Ejẹ́ǹtì ńkọ́? Ó ti wà lọ́dọ̀ oníbàárà mìíràn. Láti December 2023 ni Kánádà náà ti ń béèrè lọ́wọ́ ilé-ìwé bóyá lóòótọ́ ni wọ́n kọ ìwé ìgbaniwọlé tí ọmọ mú wá.

Amẹ́ríkà lẹ fẹ́ lọ? EducationUSA, ọ́fíìsì ìjọba Amẹ́ríkà tó ń gba àwọn tó fẹ́ kàwé níbẹ̀ nímọ̀ràn, wà l'Ábújà níbí. Ẹni tó bá sì ti wà lọ́wọ́ ejẹ́ǹtì, kó gba password rẹ̀ lónìí.