Ọjọ́ Ẹtì ní Texas

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ń gbèrò láti kó wá sí Texas, kí ó má ṣe rò pé ìwé ìgbélùú nìkan ni yóò dà á láàmú. Bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń fọwọ́ gbé sáré, tí àwọn ọmọ ilé-ìwé girama ń gbá, ń bẹ níwájú. Láti ìparí oṣù Kẹjọ títí wọ oṣù Kọkànlá, kò sí ohun tí ẹ lè pe èèyàn sí ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì tí yóò wá. Àní pásítọ̀ wa ní Houston, ọmọ Ìjẹ̀bú tí kì í gbà fún ẹnikẹ́ni, gbé ìṣọ́ òru lọ sí Ọjọ́bọ̀ nígbà tí ó rí i pé àwọn alàgbà pàápàá ti sá lọ sí pápá.

Ọmọkùnrin mi ni ó kó wa wọ̀ ọ́. Kò lè sáré, kò sì mọ bọ́ọ̀lù í mú, ṣùgbọ́n ó tóbi, iṣẹ́ rẹ̀ kò sì ju kí ó dúró síwájú ẹni tí bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó má jẹ̀ẹ́ kí ọ̀tá kọjá. Kóòṣì wá sí ilé wa, ó ṣí fìlà, ó bi ìyàwó mi léèrè ohun tí ó ń fún un jẹ. Ìyàwó mi ní iyán ni. Ọkùnrin náà fa bírò yọ, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó ní kí Màmá jọ̀wọ́ fi òkèlè méjì kún un.

UIL (University Interscholastic League), ẹgbẹ́ tí Yunifásítì Texas ní Austin dá sílẹ̀ láti ohun tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, ni ó ń pín àwọn ilé-ìwé sí ìsọ̀rí fún ìdíje. Iye ọmọ ni wọ́n ń wò: ilé-ìwé tí ọmọ rẹ̀ kéré jù wà ní 1A, èyí tí ó kún àkúnya wà ní 6A, ọdún méjì-méjì ni wọ́n sì ń tún un pín. Àwọn abúlé tí kò rí ọmọ mọ́kànlá kó jọ ń fi ẹni mẹ́fà gbá tiwọn lórí pápá tí ó gùn ní 80 yáàdì. Bí ẹgbẹ́ kan bá sì fi àmì 45 ju ekejì lọ láti ìdajì eré, eré parí nìyẹn. Ìpàdé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa nílò irú òfin bẹ́ẹ̀.

Ní ìlú Allen, nítòsí Dallas, nǹkan bíi 60 mílíọ̀nù dọ́là ni wọ́n fi kọ́ pápá tí ó gba 18,000 èèyàn fún àwọn ọmọ girama. Wọ́n ṣí i ní 2012. Ní 2014, kọnkéré ti sán, wọ́n tì í. Ọkàn mi balẹ̀ nígbà tí mo gbọ́, nítorí mo ti rò pé ilé ní Nàìjíríà nìkan ni irú kọńtírátọ̀ bẹ́ẹ̀ wà.

Nígbà tí ilé tuntun ń hù lójoojúmọ́ ní àdúgbò wa, tí ọmọ sì ń pọ̀ sí i, wọ́n gbé ilé-ìwé ọmọ mi kúrò ní 5A lọ sí 6A, láàrin àwọn ọmọ tí ẹ̀yìn wọn fẹ̀ bí ilẹ̀kùn. Mo sọ fún ìyá mi ní Ìbàdàn lórí fóònù pé wọ́n ti gbé ọmọ náà dé 6A. Màmá bú sí orin ọpẹ́, nítorí lọ́dọ̀ tiwọn, ọmọ tí ó bá gba A mẹ́fà nínú WAEC, dókítà ti dé nìyẹn. Kí n tó rí ọ̀nà ṣàlàyé, aṣọ ẹbí ti dé ọ̀dọ̀ télọ̀, wọ́n sì ti fi iye tí ó kàn mí ránṣẹ́ lórí WhatsApp.