Láfún àti òwò òkèèrè: àtúnṣe

Àtẹ̀jíṣẹ́ kan ń tàn ká l'Ábẹ́òkúta pé láti ìwáṣẹ̀ la ti ń jẹ láfún, pé ìrẹsì nìkan ni òwò òkèèrè gbé wá, àti pé ọjọ́ kan péré ti tó láti rẹ ẹ̀gẹ́ tí a fi ń ṣe láfún. Irọ́ ni. Gúúsù Amẹ́ríkà ni ẹ̀gẹ́ ti wá. Àwọn oníṣòwò Potogí ló gbé e dé Áfíríkà ní ọ̀rúndún 16. Amẹ́ríkà náà ni àgbàdo ti wá, nítorí náà kì í ṣe ìrẹsì nìkan ni òwò òkèèrè gbé wá.

Ti ọjọ́ kan yẹn ló bà wá lẹ́rù jù, nítorí májèlé sáyánáìdì wà nínú ẹ̀gẹ́. Ẹ bó o, ẹ gé e, ẹ rẹ ẹ́ fún ọjọ́ 3 sí 4 títí yóò fi rọ̀ délẹ̀. Ẹ da omi rẹ̀ nù, ẹ fún un gbẹ, kí ẹ tó sá a. Bí àárín rẹ̀ bá ṣì le, májèlé ṣì kù níbẹ̀: ó lè fa èébì àti òòyì, ó sì lè pani.