Ta ló sọ fún yín pé ọlọ́pàá nílò wárántì kó tó yẹ búùtù yín wò?

Ẹ̀gbọ́n kan tún sọ ọ́ níbi ìkómọ lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, ẹnu rẹ̀ sì dá ṣáká: "Bí ọlọ́pàá bá ní kí o ṣí búùtù, bi í pé wárántì dà? Bí kò bá ti ní, kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan mọ́tò rẹ." Gbogbo àwọn tó wà nídìí tábìlì wá ń mi orí bí alángbá. Ọmọkùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba láísẹ́ǹsì tiẹ̀ ń kọ ọ́ sínú fóònù rẹ̀. Ó wù mí kí n dákẹ́ nítorí ibi ìnáwó la wà, àmọ́ ọmọ yẹn ni yóò jẹ palaba ìyà lójú títì, kì í ṣe ẹ̀gbọ́n wa.

Kò sí òfin kankan ní Nàìjíríà tó ní kí ọlọ́pàá tó fura sí ọkọ̀ kan lọ gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ adájọ́ kó tó yẹ̀ ẹ́ wò lójú ọ̀nà. Ìfura tó nídìí ni òfin béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Òfin ọlọ́pàá tí àwọn òyìnbó amúnisìn ṣe lọ́dún 1943 ti fún un lágbára láti dá ènìyàn dúró kó sì tú ẹrù rẹ̀ wò, bó bá nídìí láti gbà pé ẹrù olè ló ń gbé tàbí ohun tí kò gbà lọ́nà ẹ̀tọ́. Lọ́dún 2020, wọ́n pa òfin àtijọ́ yẹn rẹ́, Ààrẹ Buhari buwọ́ lu tuntun, agbára náà kò sì kúrò níbẹ̀. Àwọn tó ń pariwo pé òfin tuntun ti gba aráàlú sílẹ̀ lọ́wọ́ àyẹ̀wò ojú ọ̀nà, wọn ò tíì kà á ni.

Wárántì wà lóòótọ́. Òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn ti ọdún 2015, èyí tí àwọn lọ́yà ń pè ní ACJA, ṣàlàyé bí adájọ́ ṣe ń fi í sílẹ̀, ó sì dárúkọ mọ́tò mọ́ ilé àti ọkọ̀ ojú omi. Mo mọ̀ pé ẹnì kan á gbá ìyẹn mú. Ṣùgbọ́n pé adájọ́ lè fún wọn ní ìwé láti yẹ mọ́tò wò kò sọ ọ́ di dandan pé kí ọlọ́pàá tó ti fura máa wá adájọ́ kiri ná. Ilé kì í sá. Mọ́tò tó dúró níwájú wọn báyìí, kí adájọ́ tó wọ gáùn rẹ̀ tán, ó ti dé Ìlọrin.

Wọ́n á tún ní ó wà nínú kọnsitúṣọ̀n. Ó dáa. Abala 37 ìwé òfin ọdún 1999 ni wọ́n ń sọ. Gbólóhùn kan péré ni. Ó dáàbò bo àṣírí ọmọ ìlú, ilé rẹ̀, lẹ́tà rẹ̀, ọ̀rọ̀ tó ń sọ lórí fóònù, àti tẹligíráàmù, ìyẹn wáyà tí wọ́n fi ń ránṣẹ́ láyé àtijọ́. Ẹ gbọ́ o, wọ́n rántí tẹligíráàmù, wọn ò dárúkọ mọ́tò! Abala 45 sì tún sọ pé ìjọba lè ṣe òfin tó bójú mu tí yóò dín ẹ̀tọ́ náà kù nítorí ààbò àti àlàáfíà ìlú. Lọ́yà tó mọṣẹ́ lè jà á pé ọmọ ìlú tó wà nínú mọ́tò ló ni ẹ̀tọ́, kì í ṣe mọ́tò. Mo gbà fún un. Kó lọ jà á ní kóòtù, kì í ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì níwájú AK-47.

Èyí tí àwọn onígbàgbọ́ wárántì kì í fẹ́ gbọ́ rárá ni òfin ẹ̀rí ti ọdún 2011. Ká tiẹ̀ sọ pé ọlọ́pàá náà kò nídìí kankan tó fi fura. Ó kàn jí lọ́jọ́ náà, ó ṣí búùtù ẹni ẹlẹ́ni, ó sì bá ìbọn lábẹ́ sípíà táyà. Ohun tí gbogbo ènìyàn rò ni pé ẹjọ́ ti parí nìyẹn, torí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń rí i nínú fíìmù Amẹ́ríkà, níbi tí adájọ́ ti máa ń da irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ nù. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọ̀dọ̀ wa. Abala 14 sọ pé ẹ̀rí tí wọ́n gbà lọ́nà tí kò tọ́, kódà tí wọ́n fi rú òfin gbà á, yóò wọlé, àfi bí adájọ́ bá rí i pé ìpalára tó wà nínú gbígbà á wọlé ju àǹfààní rẹ̀ lọ. Abala 15 wá to ohun tí yóò wò: báwo ni ẹ̀rí náà ṣe wúwo tó, irú ọ̀ràn wo ni, ṣé ọlọ́pàá mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni àbí àṣìṣe ni, ṣé ó ṣòro láti rí ẹ̀rí náà lọ́nà mìíràn. Nínú ẹjọ́ ìbọn, ẹ̀yin náà ẹ ro ibi tí òṣùwọ̀n yẹn yóò tẹ̀ sí. Ènìyàn lè pe ọlọ́pàá lẹ́jọ́ pé ó tẹ ẹ̀tọ́ òun lójú, kó jàre, kí kóòtù bu owó gbà-má-bínú fún un, kó sì tún lọ ṣẹ̀wọ̀n nítorí ìbọn ọ̀hún.

Mo máa ń wakọ̀ lóru, mo sì ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ wárántì ń gbé ènìyàn dé. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ọkùnrin tó wà níwájú mi níbi tí wọ́n ti ń yẹ ọkọ̀ wò béèrè fún un. Ọlọ́pàá náà ò tilẹ̀ bínú. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Kò burú, ọ̀gá. Ẹ páàkì sí ẹ̀gbẹ́, ká jọ lọ gbà á ní tẹ́ṣàn." Ó kàn mí. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo fi ọwọ́ ara mi ṣí búùtù, mo dúró tì í. Ó há tọ́ọ̀ṣì sábẹ́ apá, ó fi ìka gbá sípíà kó lè gbọ́ bó ṣe ń dún, ó gbé rọ́ọ̀gì sókè, ó ṣí kẹ́ẹ̀gì kan, ó sì gbóòórùn rẹ̀. "Kí lèyí?" "Epo pupa ni, ọ̀gá." Ó dé e padà. Nígbà tí mo ń ṣíná, ọkùnrin náà ṣì ń ka òfin fún wọn.

Dídúró tì wọ́n yẹn ṣe pàtàkì. Ojú mi kì í kúrò lára ọwọ́ ẹni tó ń tú ẹrù mi, kí ohun tí kì í ṣe tèmi má baà jáde láti inú búùtù mi. Mo sì máa ń béèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé, "Ọ̀gá, kí lẹ ń wá?" Ìbéèrè yẹn gan-an ló bá òfin mu, torí ìfura ni wọ́n gbọ́dọ̀ ní, ìfura sì gbọ́dọ̀ nídìí. Irun dàda kì í ṣe ìdí. Láptọ́ọ̀pù kì í ṣe ìdí. Bó bá wá di pé wọ́n fẹ́ yẹ ara ènìyàn wò, ACJA ní kí obìnrin yẹ obìnrin wò, kí ọkùnrin yẹ ọkùnrin, àfi bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ kánjúkánjú. Bí wọ́n bá sì mú yín, abala 35 kọnsitúṣọ̀n fún yín láyè láti dákẹ́ títí ẹ ó fi rí lọ́yà yín.

Ohun tó ń bí mi nínú jù ni pé àwọn ènìyàn kan náà tí wọ́n ń bèèrè wárántì nítorí búùtù ni wọ́n máa ń fi ọwọ́ ara wọn tẹ pásíwọ́ọ̀dù fóònù fún ọlọ́pàá láìjanpata. Nítorí fóònù gan-an ni ó yẹ kí wọ́n béèrè wárántì! Abala 45 òfin ìwà ọ̀daràn orí íńtánẹ́ẹ̀tì ti ọdún 2015 ló ní kí agbófinró tó bá fẹ́ ẹ̀rí inú ẹ̀rọ lọ bá adájọ́ fún wárántì, ọ̀rọ̀ orí fóònù sì wà nínú abala 37 tí a kà lẹ́ẹ̀kan, ó hàn gbangba. Nígbà kan, ọ̀kan nínú wọn na ọwọ́ sí fóònù mi lórí dáṣíbọ́ọ̀dù. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ yẹ mọ́tò wò bó ṣe wù yín. Ti èyí, ẹ jẹ́ kí adájọ́ kọ̀wé sí i ná." Ó wò mí títí, ó ní kí n páàkì. Mo páàkì. Wọ́n fi mí síbẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, kí ọ̀gá wọn tó wá ní kí n máa lọ, wọn ò sì rí fóònù náà ṣí.