Kì í ṣe McCarthy ló pe àwọn ará Hollywood
Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ ń pín kiri yẹn, pé McCarthy, sẹ́nétọ̀ Amẹ́ríkà tó máa ń fẹ̀sùn Kọ́múníìsì kan àwọn èèyàn láyé ọjọ́un, ló fi ọ̀rọ̀ Kọ́múníìsì ju àwọn òǹkọ̀wé Hollywood sẹ́wọ̀n, kò rí bẹ́ẹ̀ o.

HUAC, ìgbìmọ̀ ilé aṣojú-ṣòfin Amẹ́ríkà, ló pè wọ́n wá dáhùn ìbéèrè ní October 1947. Sẹ́nétọ̀ kì í jókòó níbẹ̀, February 1950 ni òkìkí McCarthy sì ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn.

Ẹ̀wọ̀n yẹn gan-an, ìgbìmọ̀ náà bi àwọn òǹkọ̀wé pé ṣé ẹ ti wà nínú ẹgbẹ́ Kọ́múníìsì rí, àwọn òǹkọ̀wé kọ̀ wọn ò dáhùn, ni wọ́n bá fẹ̀sùn kàn wọ́n pé wọ́n tàbùkù Kóńgírẹ́ẹ̀sì, ìyẹn ilé aṣòfin Amẹ́ríkà; ẹ̀sùn yẹn ló gbé wọn dé ẹ̀wọ̀n.

Ìbẹ̀rù Rọ́ṣíà, tí Kọ́múníìsì ń ṣàkóso nígbà náà, ti gbòde kí McCarthy tó dé, òun kàn gùn ún bí ẹṣin ni. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lórí sáìtì Sẹ́nétì Amẹ́ríkà, déètì tí òkìkí McCarthy kàn wà níbẹ̀.