Bí A Kò Bá Lé Ejò, Ejò Ń Lé Wa

A kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán: bí a kò bá lé ejò, ejò ń lé wa. Àwọn àgbà kò fi òwe yìí bú ẹni tó ń sáré. Wọ́n fi gbà á sílẹ̀ ni. Wọ́n ní kí á má tíì pe ẹni tó ń sá gba inú ẹ̀gún kọjá ní wèrè, kí á kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn rẹ̀, kí á sì wo iwájú rẹ̀. Òwe náà kì í kúrò lọ́kàn mi bí mo bá dúró sí Tákìé, ní ìlú Ògbómọ̀ṣọ́, láàárọ̀, tí àwọn ọlọ́kadà ń gba ọ̀tún gba òsì kọjá bí oyin tí wọ́n ti iná bọ ilé rẹ̀. Èwo nínú wọn ló ń lé ejò? Èwo ni ejò ń lé?

Mo bi ọ̀kan lọ́jọ́ kan. Ọmọkùnrin kan ló gbé mi ní Tákìé, à ń lọ sí àdúgbò Under G, lọ́dọ̀ àwọn ọmọ yunifásítì LAUTECH. A kò tíì kúrò láàárín èrò tí afẹ́fẹ́ ti ń hó létí mi. Ewúrẹ́ kan bọ́ sójú títì. Ọmọ yìí kò fẹsẹ̀ kan bíréèkì rárá, ó kàn yẹ màṣíìnì sẹ́gbẹ̀ẹ́, bí ìbú àtẹ́lẹwọ́ ló kù ká kọ lu ẹran ẹlẹ́ran. Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀, orúnkún mi ń gbọ̀n. Mo ní, "Àbúrò, kí ló ń lé ọ?" Ó rò pé mo fẹ́ bú òun ni. Nígbà tó rí i pé mo ń dúró de èsì, ó ní, "Bàbá, màṣíìnì yìí kì í ṣe tèmi. Bí mo jẹun o, bí mi ò jẹun o, owó ọjọ́ gbọ́dọ̀ pé lálẹ́."

Ejò tirẹ̀ nìyẹn, ejò gidi sì ni. Ẹni tó ra ọ̀kadà, tó gbé e fún ọmọ ọlọ́mọ, tó ní iye báyìí ni kó máa dá wá lójoojúmọ́, òjò ì báà rọ̀, epo ì báà wọ́n, ilé ló jókòó sí, ṣùgbọ́n òun ló tú ejò sílẹ̀. Iye èrò tí ọmọ náà bá rí gbé ló ń di owó. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú tí owó kò tíì pé, ìṣẹ́jú ojú ọ̀nà ló kù tó lè dín kù. Mo mọ̀ pé àwọn tó ni màṣíìnì yóò bínú sí mi lórí èyí. Kí wọ́n bínú. Mo ti wà níbi tí wọ́n ti pe ọ̀kan nínú wọn lórí fóònù pé ọmọ tó ń bá a wà á ti ṣubú, ohun tó kọ́kọ́ béèrè ni pé, "Màṣíìnì ńkọ́?"

Àwa èrò náà kò mọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tó pẹ́ sun, tó wá ń kígbe lẹ́yìn ọlọ́kadà pé, "Ẹ sáré díẹ̀ sí i, ẹ jọ̀ọ́," ejò kékeré ló gbé jókòó. Bí ọlọ́kadà bá sì rọra, a ó ní kò mọ̀ ọ́n wà.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ ná. Ká ní ọ̀nà kan jẹ́ kìlómítà 4. Ẹni tó ń sá 40 kìlómítà ní wákàtí kan yóò fi ìṣẹ́jú 6 dé e. Ẹni tó sá 80 yóò fi 3 dé e. Ìṣẹ́jú 3 ni gbogbo èrè, kò sì tó ìgbà tí a fi ń ná owó kí a tó gùn ún. Ní ti àdánù, ẹni tó ń sá 80 ti rin mítà 22 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan tí ojú rí ewu kí ọwọ́ tó ṣe nǹkan. Bó bá wá tẹ bíréèkì, ọ̀nà tí yóò yọ̀ kó tó dúró kì í ṣe ìlọ́po méjì ti ẹni tó sá 40, ìlọ́po mẹ́rin ni. Ẹni tó fi 40 kọ lu ògiri, bí ẹni tó já bọ́ láti nǹkan bíi mítà 6 ni, ká sọ pé láti orí òrùlé ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan. Tó bá fi 80 kọ lù ú, ẹ to irú ilé bẹ́ẹ̀ mẹ́rin léra wọn.

Bíréèkì pàápàá ní ọ̀rọ̀ nínú. Ọwọ́ ọ̀tún ni tiwájú wà, ẹsẹ̀ sì ni a fi ń tẹ tẹ̀yìn. Tiwájú ló ń ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ jù, nítorí bí màṣíìnì bá fẹ́ dúró, iwájú ni gbogbo ẹrù ń wọ́ lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ló ń bẹ̀rù rẹ̀ pé ó ń da ni sílẹ̀. Òótọ́ ni, bí a bá gbá a mú lójijì lórí yanrìn tí òjò kó wá sójú títì. Ní wọ́n bá gbára lé tẹ̀yìn nìkan. Táyà ẹ̀yìn a dì, màṣíìnì a sì fi ìbú yọ̀ lọ.

Àwọn kan tún wà tí n kò rí ejò wọn rárá, mo wò ó títí. Àwọn ọmọ tó ni màṣíìnì tiwọn, tí kò sí owó ọjọ́ lọ́rùn wọn, tí wọ́n á jáde sí ọ̀nà Ọ̀yọ́ tàbí ọ̀nà Ìlọrin nírọ̀lẹ́, tí wọ́n á dojú bolẹ̀ mọ́ táńkì epo. Àsápajúdé ni à ń pe irú eré yẹn. Bí èmi ṣe ń gbọ́ ọ sí, eré ẹni tó sá kọjá ojúdé ilé ara rẹ̀ ni. Ẹ bá wọn wí, òwe ni wọ́n á fi dá yín lóhùn: eré tí ajá fi ogún ọdún sá, ìrìn fàájì lẹṣin yóò fi rìn ín. Ó dáa. Àmọ́ ẹṣin ní ojú. Bí ẹṣin bá rí kòtò, yóò kọ̀, bí ẹni tó gùn ún tilẹ̀ ń nà án. Màṣíìnì kì í kọ̀. Ọ̀nà tí wọ́n sì ń sáré lórí rẹ̀ yìí, òun ni tírélà tó ń ti òkè Ọya bọ̀ ń gbà lọ sí Ìbàdàn. Atẹ́gùn ẹ̀gbẹ́ tírélà nìkan tó láti gbọn ọ̀kadà nù.

Wọn kì í dé akoto. Igbá ni akoto tẹ́lẹ̀, kó tó di orúkọ àṣíborí ọlọ́kadà. Nígbà tí Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó bẹ̀rẹ̀ sí mú àwọn tí kò dé e ní oṣù kìíní ọdún 2009, àwọn kan lókè Ọya de igbá gidi mọ́rí kí wọ́n má bàa mú wọn. A rẹ́rìn-ín wọn nígbà náà. Àwọn tó so akoto tiwọn mọ́ ọwọ́ màṣíìnì lónìí, tó jẹ́ pé bí wọ́n bá rí ẹ̀ṣọ́ lọ́ọ̀ọ́kán ni wọ́n ń gbé e borí, kí ni wọ́n fi sàn ju onígbá lọ? Àjọ Ìlera Àgbáyé ní akoto tó dára, tí a so okùn rẹ̀ lábẹ́ àgbọ̀n, ń dín ikú kù ní nǹkan bí ìdá 40 nínú 100. Èyí tó wà lọ́wọ́ màṣíìnì kò dín nǹkan kan kù.

Ẹṣin iwájú ni tẹ̀yìn ń wò sáré. Àwọn àgbà ọlọ́kadà tó wà ní gáréèjì ni mo ń bá wí níbí. Ọmọ tó kọ́ ọ̀kadà lánàá, ẹ̀yin ló ń wò.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo dá ọ̀kan dúró ní Sábó. Kí n tó gùn ún, mo ní, "Mi ò kánjú o." Ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin ò kánjú. Èmi ńkọ́?" Mo ní kó gbé mi lọ ní jẹ́jẹ́, màá fi ọgọ́rùn-ún náírà lé owó rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. Ó rọra wà á, ó ń yẹ kòtò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó tilẹ̀ dúró fún ìyá arúgbó kan pé kó kọjá. Mo san owó mi, ó dúpẹ́, ó yí màṣíìnì padà. Mi ò tíì ki pọ́ọ̀sì bọ àpò tí mo gbọ́ tó fún un níná.