Ọdún 2025 ti lọ, níbo ni íntánẹ́ẹ̀tì abúlé wà?

Ọdún 2025 ti kógbá sílé, ètò bíródíbáàǹdì, íntánẹ́ẹ̀tì tó yára, tí ìjọba àpapọ̀ gbé kalẹ̀ ní 2020 sì bá a lọ. Ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ Nàìjíríà ni wọ́n ṣèlérí pé yóò máa lò ó. Kò dé bẹ̀. Kàkà kí ẹnikẹ́ni ní Àbújà wá sọ ohun tó fà á, fáíbà (wáyà íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń rì mọ́lẹ̀) 90,000 kìlómítà àti máàsì (òpó fóònù) 3,700 ni wọ́n tún ń kà sí wa létí.

Kí wọ́n rì í, kí wọ́n gbé e nàró, a ò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n ohun tí a ti ń wí lójú ìwé yìí kò yí padà: ẹni tí kò rówó ra dátà, máàsì ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ò yàtọ̀ sí ọ̀pẹ tí kò léyìn. NCC, àjọ ìjọba tó ń darí iṣẹ́ fóònù, ló sì fọwọ́ sí i ní oṣù kìíní 2025 pé kí wọ́n fi tó ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún kún owó ìpè àti dátà.

Ẹ wo àwọn abúlé kòkó láàárín Ilé-Ifẹ̀ àti Ìfẹ́wàrà. Ní ìparí 2024, tọ́ọ̀nù kòkó kan ti kọjá 10,000 dọ́là lọ́jà àgbáyé. Kí 2025 tó parí, ó ti já wálẹ̀ gan-an. Ẹni tó ń bọ̀ wá ra kòkó ti wo gbogbo rẹ̀ lórí fóònù kó tó gbé òṣùwọ̀n sẹ́yìn ọkọ̀. Àgbẹ̀ tó ká a, tó fọ́ ọ, tó sá a títí tó fi gbẹ, iye tí wọ́n bá dá lé e ló máa gbà.

Íntánẹ́ẹ̀tì ọ̀fẹ́ là ń béèrè, níbi tí ará abúlé ti ń pàdé: ilé ìwòsàn, ilé ẹ̀kọ́, ọjà. Kí sólà máa gbé e. Kí wọ́n kọ́ ọmọ abúlé bí wọ́n ṣe ń tún un ṣe, kí kọ́kọ́rọ́ sì wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè, kì í ṣe lọ́wọ́ káńsẹ́lọ̀. (A ti rí ilé kọ̀ǹpútà tí wọ́n gé rìbọ́nù rẹ̀ tán, tó jẹ́ aláǹgbá nìkan ló ń wọ ibẹ̀.) Nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn ni Yunifásítì Ifẹ̀ àti àwọn onímọ̀ láti Trieste ní Ítálì ti fi rédíò so kọ̀ǹpútà pọ̀. Ìmọ̀ náà ò jìnnà sí abúlé Ìṣọ̀yà, níbi tí yunifásítì kan náà ti bá àwọn àgbẹ̀ ṣiṣẹ́ nígbà kan. Kí ló dá a dúró sí géètì?

Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún wa pé kò sówó. Nítorí irú abúlé wọ̀nyí ni òfin 2003 ṣe dá USPF, àpò owó fún fóònù àti íntánẹ́ẹ̀tì ìgbèríko, sílẹ̀, àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù sì ń dáwó síbẹ̀ lọ́dọọdún. Kí Òṣogbo náà má sì fi owó ìjọba ìbílẹ̀ tí Àbújà há mọ́wọ́ láti 2025 ṣe àwáwí. Ìjà ẹgbẹ́ òṣèlú nìyẹn. Ta ló rán wọn níṣẹ́ ìjà?

Kí USPF kọ orúkọ abúlé Ifẹ̀ àti Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n máa kọ́kọ́ dé, iye owó rẹ̀, agbaṣẹ́ṣe rẹ̀, àti ọjọ́ tí iṣẹ́ máa parí. Kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri gbọ̀ngàn abúlé kọ̀ọ̀kan.