Ta ló sọ pé ẹni tó ń pariwo kì í ṣọ̀fọ̀?

Iṣẹ́ ìwé ìkéde òkú ni mò ń ṣe ní Lágere, nílùú Ilé-Ifẹ̀. Ó ti lé lọ́dún 11 tí mo ti wà nídìí kọ̀ǹpútà yìí, tí mò ń gé àwọn tó ti lọ kúrò nínú fọ́tò ìgbéyàwó ẹlòmíràn, tí mò ń nu ọwọ́ ẹni tó gbá wọn mú léjìká kúrò. Gbogbo ohun tí àwọn èèyàn gbà pé ó tọ́ ká ṣe fún òkú, etí mi kún fún un. Ẹni tó bá ń sin òkú àgbà á ní kí n fi àwọ̀ góòlù sí i, kí n kọ "Ó dìgbóṣe" gàdàgbà sókè. Ẹni tó bá pàdánù ọ̀dọ́ á ní kí n lo dúdú àti pupa, á sì máa bá mi sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bíi pé òun jalè.

Nínú gbogbo rẹ̀, èyí tó gbilẹ̀ jù, tó sì ń dùn mí jù, ni ìgbàgbọ́ pé orin tó bá gbóná, tí ìlù rẹ̀ ń sáré, tí ẹni tó ń kọ ọ́ ń lọgun, kò lè jẹ́ orin ọ̀fọ̀. Pàápàá bó bá jẹ́ ọ̀dọ́ ló kú. Wọ́n á ní òkú ọ̀fọ̀ kì í gbọ́ ìlù, pé ẹni tí ọ̀rọ̀ náà bá dùn dénú, ṣe ló máa ń dákẹ́. Ìgbàgbọ́ yìí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ rárá, mo sì fẹ́ sọ ìdí rẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé kan tí iṣẹ́ pọ̀, mo fi orin Jim Carroll kan sí i lórí kọ̀ǹpútà. Ará New York ni Carroll. Oògùn olóró ti mú un lẹ́rú láti kékeré. Akéwì ni kó tó di olórin, ó sì kú ní 2009 lẹ́ni ọdún 60. Orúkọ orin náà ni People Who Died, 1980 ló jáde. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ti kú ló ń kà níbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: orúkọ, ọjọ́ orí, ohun tó pa á. Ọmọ ọdún 12 kan já bọ́ látorí òrùlé. Jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ pa ọmọ ọdún 14 kan, nígbà tó sì máa fi kú, ó ti rí bí arúgbó. Ìbọn pa ọ̀kan lójú ogun Vietnam. Oògùn olóró mú àwọn kan lọ, wọ́n pa àwọn kan, àwọn kan gba ẹ̀mí ara wọn. Bó bá ti ka díẹ̀, á ké e pé ọ̀rẹ́ òun ni gbogbo wọn, wọ́n sì ti kú. Gìtá ń bú ramúramù, ìlù ń sáré bí ẹni tí ajá ń lé.

Èèyàn mẹ́ta ló wà lọ́dọ̀ mi. Ọmọbìnrin kan láti Fásitì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, tó wá tẹ iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀, ń mi orí sí i, ó kù díẹ̀ kó jó. Nígbà tó gbọ́ ọjọ́ orí àwọn òkú náà, orí rẹ̀ dúró. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹni yìí ń yọ̀ ni?" Ìyá kan tó wá ṣe ìwé ètò ìsìnkú ìyá rẹ̀, ẹni ọdún 87, bi mí pé kí ni òyìnbó yẹn ń sọ. Mo túmọ̀ rẹ̀ fún un. "Háà! Wèrè nìyẹn. Ta ní í fi ikú ọmọ ọlọ́mọ jó?" Bàbá onílé mi, tó ń gba atẹ́gùn lórí bẹ́ǹṣì lẹ́nu ọ̀nà, kò dá sí i. Ó kàn ní kí n tún orin náà fi sí i.

Ohun tí ọmọbìnrin yẹn àti ìyá yẹn sọ, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀pọ̀ èèyàn tí mo ti jẹ́ kí wọ́n gbọ́ orin náà. Àwọn míì á rẹ́rìn-ín, àwọn míì á ní kí n pa á. Mi ò dá wọn lẹ́bi, etí wa ló ṣì wá lọ́nà. Nílẹ̀ wa níbí, ìlù tó bá ti gbóná lọ́jọ́ Sátidé, ẹ mọ̀ pé òde àríyá ni, owó níná ló kàn. Ṣùgbọ́n páǹkì ni irú orin tí Carroll ń kọ, páǹkì kò sì mọ ìrìn jẹ́jẹ́. Ní àárín àwọn ọdún 1970 ló gbòde ní New York àti London, lọ́wọ́ àwọn ọmọ tí kò ní ju gìtá, ìlù àti ohùn lọ. Àwo orin àkọ́kọ́ tí àwọn Ramones gbé jáde ní 1976, orin 14 ló wà nínú rẹ̀, gbogbo rẹ̀ kò sì tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Orin ìfẹ́ wọn ń sáré, orin ìbínú wọn ń sáré. Kí ló máa wá mú orin ọ̀fọ̀ wọn rìn gẹ̀rẹ̀? Eré sísá yẹn ni èdè wọn. Ìyáàlù tí àyàn fi ń kí ìyàwó, òun náà ló máa gbé lọ sílé olókùú, ẹnikẹ́ni kì í sì bi ìlù pé èwo ló ń ṣe.

Fela ńkọ́? Ní 1977 àwọn sójà ya wọ ilé rẹ̀ l'Ékòó, wọ́n ju ìyá rẹ̀, Funmilayo Ransome-Kuti, látojú fèrèsé òkè, ìyá náà sì kú lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Fela gbé pósí lọ sí Dodan Barracks níbi tí olórí ìjọba ológun wà, ó sì fi ọ̀rọ̀ náà kọrin. Ìlù wà níbẹ̀, fèrè wà níbẹ̀, a sì ń jó o di òní. Mi ò tíì rí ọmọ Yorùbá kan tó sọ pé inú Fela dùn sí ikú ìyá rẹ̀. Nítorí kí ni? Nítorí a mọ ilé tó ti wá, a sì gbọ́ ohun tó ń sọ. Carroll náà sọ tirẹ̀, àwa ni a kò dúró gbọ́ ju ìlù lọ.

Òótọ́ kan wà nínú ìgbàgbọ́ náà ṣá o, mi ò ní bò ó. Òkú ọ̀fọ̀ kì í gba ìnáwó. Kò sí màlúù, kò sí aṣọ ẹbí, wọn kì í sì í fi ibojì ọmọ han òbí. Mo gbà pé àṣà yẹn dára, àánú wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa: òbí ni wọ́n ń ṣàánú, ìnáwó ni wọ́n sì fòfin dè. Ìgbà wo ni wọ́n sọ pé kí ọ̀rẹ́ má fọhùn? Ọ̀rẹ́ ni Carroll, kì í ṣe bàbá ẹnì kankan nínú wọn. Ẹgbẹ́ ẹni ní ipò tirẹ̀ nídìí òkú, ipò yẹn kì í sì í ṣe ti ìdákẹ́jẹ́.

Bí ẹ bá fẹ́ rí i, ẹ wo ìsìnkú ọlọ́kadà. Ọ̀rẹ́ mi kan, ẹni tí a jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ọ̀kadà ló ń gùn. Ọkọ̀ gbá a pa lójú ọ̀nà Ifẹ̀ sí Iléṣà, ọdún 26 ló wà. Lọ́jọ́ kejì, àwọn ọlọ́kadà ẹgbẹ́ rẹ̀ kún ojú títì. Wọ́n já ewé, wọ́n fi í bọ iwájú ọ̀kadà wọn. Wọ́n ń fa ọwọ́ ọ̀kadà tí ẹ́ńjìnnì ń ké bí ẹran, wọ́n ń tẹ fèrè láìsinmi, èéfín bo gbogbo Lágere. Ẹni tó ṣíwájú dìde dúró lórí ọ̀kadà tó ń sáré, ó tú ọwọ́ méjèèjì sílẹ̀, ó ń pe ìnagijẹ ọ̀rẹ́ mi bíi pé ó fẹ́ kó dáhùn láti ọ̀run. A gba Mayfair, a yí padà. Bàbá arúgbó kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó mi orí, ó ní, "Ẹ wo àwọn ọmọ aláìnírònú. Wọ́n sọ ikú di eré."

Ẹ̀yìn ọ̀kan nínú àwọn ọ̀kadà yẹn ni mo wà. Àyà mi lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ẹni tó gbé mi. Ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ti tutù, ẹ̀yìn rẹ̀ ń gbọ̀n, kì í sì ṣe ọ̀kadà ló ń gbọ̀n ọ́n. Ó ń lọgun, ó ń sunkún, ó sì ń wo ọ̀nà lẹ́ẹ̀kan náà. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran, àwọn àgbà kúkú ti sọ ọ́. Ẹni tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ariwo ló gbọ́. Kò sún mọ́ wa tó láti rí omi ojú.

Mo sọ èyí fún ọmọ fásitì yẹn. Mo rán an létí July 10, 1999, ọjọ́ tí àwọn ẹlẹ́gbẹ́ òkùnkùn wọ inú ọgbà wọn tí wọ́n pa akẹ́kọ̀ọ́ 5, tó fi mọ́ George Iwilade tí wọ́n ń pè ní Afrika, akọ̀wé àgbà ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Mo bi í bóyá àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn dákẹ́ nígbà náà. Ó ní, "Rárá o, ẹ̀gbọ́n. Wọ́n yarí ni." Ó ronú díẹ̀, ó ní òun kò kà á sí ọ̀fọ̀ rí, pé ìjà lòun rò pé ó jẹ́. Mo ní ọ̀fọ̀ ni. Ọ̀fọ̀ ọ̀rẹ́ ni.

Ìgbà yẹn ni Bàbá onílé tó fọhùn. Ọdẹ ni Bàbá. Ó ní, "Ohùn ọmọ yẹn dáa. Ṣùgbọ́n kò kì wọ́n. Orúkọ lásán ló ń pè, kò sọ ọmọ ẹni tí wọ́n í ṣe." Ó wá sọ bí wọ́n ti ń ṣe ìsípà ọdẹ fún wa: bí ọdẹ bá kú, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á kó irinṣẹ́ ọdẹ rẹ̀ jọ, wọ́n á gbé e lọ sínú igbó, ìbọn á máa dún, ìlù á máa dún, wọ́n á máa sun ìrèmọ̀jé, orin arò àwọn ọdẹ. Wọ́n á kì í, wọ́n á bú u, wọ́n á fi ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n á bi í léèrè ìdí tó fi fi wọ́n sílẹ̀. Ẹ̀kọ́ gidi ni, ẹ má rò pé ariwo lásán ni: Bade Ajuwon, olùkọ́ ní fásitì Ifẹ̀ níbí, fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ìwádìí lórí ìrèmọ̀jé. Bàbá ní lọ́jọ́ tí wọ́n ń ṣe ti ọ̀rẹ́ òun, òun jó títí ẹsẹ̀ òun fi wú, òun kò sì jẹun fún ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà. Bí ọ̀rọ̀ bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là ń fi í rín.

Mo fẹ́ gbèjà Carroll. Mo ní, "Bàbá, ọmọ ọdún 12 tó já látorí òrùlé, kí ni ẹ fẹ́ kí wọ́n kì mọ́ ọn? Kí ló tíì ṣe láyé?" Bàbá wò mí bíi pé n kò gbọ́n. Ó ní oríkì kò dúró de iṣẹ́ ọwọ́ ẹni, pé Àjàní ti ń jẹ́ Àjàní látorí ẹní ìkókó. Ó borí mi níbẹ̀. Mo ṣì rò ó ṣá, pé níbi tí oríkì kò sí, ọjọ́ orí ló kù tí èèyàn lè dì mú. Ìdí nìyẹn tí Carroll fi ń ka 12, tó ń ka 14.

Mo túmọ̀ ibi tó kan Eddie, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ Carroll tó kú, fún Bàbá. Lára gbogbo wọn, Eddie nìkan ló kọjú sí, tó bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni tó wà níwájú rẹ̀: ó ní àárò rẹ̀ ń sọ òun ju ti àwọn yòókù lọ, ó sì kí i bí ọmọ ìyá. Bàbá ní, "Ẹ̀n-ẹ́n. Ìyẹn ni." Nígbà tí orin náà ń lọ sópin, olórin padà sórí àwọn tó kọ́kọ́ dárúkọ, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n. Bàbá kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n ó gbọ́ orúkọ. Ó gbé ìka sókè. "Ó tún ti padà síbẹ̀rẹ̀. Kò fẹ́ kí wọ́n lọ."

Ìyá tó pè é ní wèrè ti dákẹ́ látìgbà tí Bàbá ti ń sọ ti ọ̀rẹ́ rẹ̀. Mo rò pé inú ń bí i ni. Ó wá ṣí báàgì rẹ̀, ó mú náílọ́ọ̀nù kékeré kan jáde, ó tú u. Fọ́tò dúdú àti funfun kan ló wà nínú rẹ̀, kò ju àtàǹpàkò méjì lọ, etí rẹ̀ kan ti ya. Ọmọkùnrin kan nínú aṣọ ilé ìwé, ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ tóbi jù ú lọ.

Ó ní, "Àbúrò, ṣé o lè sọ èyí di ńlá?"

Mo ní mo lè gbìyànjú.

"Àbúrò tèmi ni. Ọdún 13 ló wà. Wọ́n ní ká má dárúkọ rẹ̀ nílé mọ́, kí Mọ̀mí má bàa máa sunkún. Mọ̀mí náà ti wá lọ báyìí. Bá mi fi sínú ìwé wọn, lójú ewé kan náà."

Mo gbé fọ́tò náà sórí ẹ̀rọ. Mo bi í pé orúkọ wo ni kí n kọ sábẹ́ rẹ̀. Ó pè é. Mo ti ń tẹ̀ ẹ́ lọ nígbà tó tún un pè, ó sì pariwo ju ti àkọ́kọ́ lọ, bíi pé mi ò gbọ́.